Ẹ̀ẹ̀mẹta Ni Wọ́n Bi Rhoda

"Ẹ fi eyín dì í mú. Ẹ dì í mú pinpin."

Dókítà eléyín ki òwú mọ́ kọ̀rọ̀ ẹnu Rhoda lọ́hùn-ún, níbi tó ti ṣẹ̀ṣẹ̀ fa eyín ọgbọ́n, èyí tó máa ń hù gbẹ̀yìn, yọ, ó sì bọ́ ìbọ̀wọ́ bí ẹni tó ti ojú ìjà bọ̀. Ìjà ni lóòótọ́. Eyín náà ti dùbúlẹ̀ gbalaja sínú egungun àgbọ̀n bí àlejò tó kọ̀ tí kò lọ. Ọ̀nà méjì ni wọ́n gé e sí kó tó gbà láti jáde, ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n sì rán ojú ọgbẹ́ rẹ̀.

"Ẹ ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú," dókítà ní. "Ẹ má tutọ́. Ẹ má fi nǹkan kan fa omi mu. Ẹ má jẹ ohun gbígbóná. Ẹ̀jẹ̀ tó bá dì sínú ihò yẹn, òun ni èépá rẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ kó ṣí, egungun á wà níta gbangba, ẹ ó sì mọ̀ pé eré ni gbogbo ìrora tẹ́ ẹ ti ń jẹ bọ̀."

Rhoda ti fẹ́ bi í ní nǹkan kan. Miriam, tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó sìn ín wá, nà án nítan.

"Wọ́n ní kó o má sọ̀rọ̀! Dókítà, ẹ ò mọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ rán an. Ará Mopa lèyí. Tó bá dákẹ́ dalẹ́, ẹ wá yọ gbogbo eyín tèmi náà."

Dókítà rẹ́rìn-ín. Rhoda ò lè rín. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún un ti mú kí ètè rẹ̀ kú, ahọ́n rẹ̀ wúwo bí bàtà tó bọ́ sómi.

Òótọ́ ni Miriam sọ. Ní iléèwé tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ní Kabba, ẹnu Rhoda ni wọ́n fi lé ọ̀gá kan tó ń gba iṣu lọ́wọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kárùn-ún lọ. Nígbà tí Ọpẹ́dayọ̀, ọkọ rẹ̀, kú ní ọdún tó kọjá, ẹnu yẹn náà ló dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé. Fọlọ́runṣọ́, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, akọ̀wé fẹ̀yìntì tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Success, ti wá ní ẹ̀ẹ̀mẹrin láti wá sọ pé ilé àbúrò òun ti di ti ẹbí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló padà lọ pẹ̀lú etí gbígbóná. Ilé wo? Ilé tí Rhoda fi orí ara rẹ̀ ru omi fún àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù, tó ru oyún Ṣèyífúnmi pọ̀ mọ́ ọn!

Níkẹyìn, ẹbí dá ìpàdé sí Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Rhoda ní kí wọ́n máa bọ̀. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá wọn sọ ti wà nílẹ̀, ó tò bí igi ìdáná.

Eyín yìí nìkan ló yọ ọ́ lẹ́nu. Ọjọ́bọ̀ nìkan ni dókítà eléyín ń ti Lọ́kọ́jà wá. Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti wú jù, kó lọ lo oògùn, kó máa fi omi oníyọ̀ yọ́nu. Ọjọ́bọ̀ kejì, kò síná. Ní gbogbo ìgbà yẹn, Ayọ̀kẹ́mi, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, ló ń wá kí i, tó ń bá a po iyọ̀ mọ́ omi.

"Ọjọ́ wo ni wọ́n wá fẹ́ yọ ọ́?" Ayọ̀kẹ́mi bi í.

"Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí, Àǹtí."

"Háà, ìyàwó wa, pẹ̀lẹ́. Ṣé wàá lè sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà ṣá?"

"Wọ́n ní ó dìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú."

"Èmi ni màá wá se ògì fún ẹ."

Rhoda dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́!

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ náà, Rhoda àti Miriam ò tíì kúrò ní ọsibítù tí fóònù Rhoda fi dún. Miriam gbé e. Ṣèyífúnmi, ọmọ Rhoda, ni. "Àǹtí, Bàbá Success ti kó àwọn àgbà ẹbí wá. Wọ́n ti jókòó sí pálọ̀. Wọ́n ní ìpàdé ti di òní. Wọ́n ní bí màmá mi ò bá tètè dé, àwọn ó ṣe é láìsí wọn."

Àwọn méjèèjì gun ọ̀kadà kan ṣoṣo. Ní gbogbo ojú ọ̀nà, òwú ń rìn lẹ́nu Rhoda, ó ń fi eyín dì í mú.

Ọkùnrin mẹ́fà àti Ayọ̀kẹ́mi ló wà ní pálọ̀. Wọ́n ti ń mu omi inú fíríìjì rẹ̀. Bàbá Ìbítóyè, olórí ẹbí, jókòó sórí àga Ọpẹ́dayọ̀.

"Okun o, ìyàwó," ó kí i.

Rhoda kúnlẹ̀, ó sì tọ́ka sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin bàbá," Miriam ní. "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ eyín rẹ̀ ni. Dókítà ní kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó di Sátidé tẹ́ ẹ ti dá tẹ́lẹ̀."

Fọlọ́runṣọ́ yọ awò ojú rẹ̀. "Kí lẹ jẹ́ nínú ẹbí yìí?"

"Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni mí."

"Ọ̀rẹ́. Ó dáa. Abẹ́ igi máńgòrò ìta yẹn ni àwọn ọ̀rẹ́ ń jókòó sí. Atẹ́gùn wà níbẹ̀."

Wọ́n lé Miriam síta. Èsì mẹ́ta ló ti débi ọ̀fun Rhoda, ọ̀kan ju ọ̀kan lọ, èyí tó rọ̀ jù nínú wọn ì bá mú kí Fọlọ́runṣọ́ wá bàtà rẹ̀ tì. Ó gbé wọn mì pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀.

Fọlọ́runṣọ́ ka ohun tó ti kọ wá láti ilé. Àwọn kan fẹ́ fi ilé náà ṣe ṣọ́ọ̀bù oògùn. Yàrá kan ń bẹ lẹ́yìn agboolé fún opó àti ọmọ rẹ̀. Ẹbí ò ní jẹ́ kí ebi pa wọ́n.

"Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé a rẹ́ ọ jẹ," Bàbá Ìbítóyè ní, "a ó bi ọ́ bí a ṣe ń bi èèyàn nínú ẹbí yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀, kó sọ ọ́. Ẹni tó bá dákẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ti gbà. Ìyàwó, ṣé o ní nǹkan sọ?"

Rhoda fa bébà jáde nínú báàgì rẹ̀. Ó kọ ọ́ gàdàgbà: MI Ò GBÀ. ILÉ ÈMI ÀTI ỌPẸ́DAYỌ̀ NI. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún bàbá.

Bàbá ò wò ó. "Ìwé kọ́ là ń bi. Ẹnu la fi ń dáhùn nílé yìí. Bàbá mi ò kàwé, ìyá mi ò kàwé, a sì ń gbọ́ ara wa yé."

Fọlọ́runṣọ́ kọ ọ̀rọ̀ bàbá sílẹ̀ sínú ìwé ìpàdé.

"Ìyàwó, ìkejì rèé. Ṣé o ní nǹkan sọ?"

Rhoda mi orí títí ojú fi ń pòòyì fún un. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà ní ìrora ló ń mì í lórí báyẹn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ṣèyífúnmi sáré wá láti ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá àgbà, ẹ jẹ́ kí n ka ohun tí màmá mi kọ!"

"Ta ló pe ọmọdé?"

Ayọ̀kẹ́mi ti dìde, ó ti di ọmọ náà lápá. "Wá, wá bá mi gbé ògì màmá ẹ kaná." Bó ṣe ń fà á kọjá, ojú rẹ̀ àti ti Rhoda ṣe mẹ́rin, ó sì yára wolẹ̀. Ìgbà yẹn ni ó tó yé Rhoda ẹni tó gbé ọjọ́ eyín lọ fún wọn.

"Ìkẹta nìyí."

Rhoda ki ìka méjì bọ ẹnu, ó fa òwú náà jáde, ẹ̀jẹ̀ ń kán lára rẹ̀, ó sì fi gbogbo agbára inú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ohun tó jáde kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ahọ́n rẹ̀ kò gbọ́ràn. Ìró kan bí ti odi ló ń ti ẹnu rẹ̀ bọ̀, itọ́ àti ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn gba àgbọ̀n rẹ̀ sára búláòsì funfun tó wọ̀ lọ sí ọsibítù. Ó tún un sọ. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni tó ń fi ẹnu lé ọ̀gá jáde!

"Ẹ mú un wọlé," Bàbá Ìbítóyè ní, ó ń ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ ń kán. A ti bi í tán."

Wọ́n fọwọ́ sí ìwé ìpàdé náà, ẹni tí kò lè kọ ọ́ tẹ̀ka.

Ní ọjọ́ kẹta, ihò ẹnu Rhoda ti ṣófo, egungun ń wo síta, ìrora náà ń gba etí lọ sí àtàrí. Ọ̀rọ̀ ti padà sẹ́nu rẹ̀ o. Ó bá Bàbá Ìbítóyè nílé, bàbá ní ẹjọ́ ti parí. Ó bá Fọlọ́runṣọ́ lójú títì, ó bú u débi tí àwọn ọlọ́kadà fi pa ẹ́ńjìnnì wọn láti gbọ́; Fọlọ́runṣọ́ kàn ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyàwó, ẹnu ẹ ti yá!" Ní Ọjọ́bọ̀, dókítà ki oògùn sínú ihò náà, ó ní ta ló ní kó yọ òwú. Nígbà tó délé, àga rẹ̀ àti ibùsùn rẹ̀ ti wà lábẹ́ igi máńgòrò.

Ní ọjọ́ Ajé, ó wọ ọ́fíìsì kan tí wọ́n júwe fún un pé wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ opó tí ẹbí ọkọ gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí tábìlì kò ṣe é níkà rárá. Ó fún un ní àga. Ó wá fáìlì, Fọlọ́runṣọ́ ti mú ìwé ìpàdé náà débẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

"Mọ́mì, wọ́n bi yín lẹ́ẹ̀mẹta."

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ eyín mi ni, ọmọ mi. Mi ò lè sọ̀rọ̀."

Ó fi ìka tọ ìlà kan. "Ohun tí wọ́n kọ síbí ni pé ara opó yá, ó jókòó títí ìpàdé fi parí, kò sì fèsì. Èèyàn méje ló fọwọ́ sí i. Kò sí ọ̀rọ̀ eyín níbẹ̀."

"Àwọn ló kọ ọ́!"

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nílẹ̀ lèmi lè kà."

Rhoda dìde. Ó tẹ̀ síwájú lórí tábìlì, ó fi ìka fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì la ẹnu gbàgà.

"Wò ó. Wá wò ó."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tẹ̀ síwájú láti wò ó. Òórùn ihò náà kọ lù ú. Ó fa àga rẹ̀ sẹ́yìn títí ó fi kan ògiri, ó fi áńkáṣíìfù bo imú.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì," ó ní, jẹ́jẹ́, bí ọmọ gidi, "ẹ pa ẹnu yín dé."