Ta Ni Wọ́n?

Ní ìgboro Oǹdó nígbà kan rí, tí ẹ bá ti dárúkọ Monílọ́lá Adébùsóyè, ẹ ti rí ẹlẹ́rìí. Òun ló ń ka ìròyìn Yorùbá lórí rédíò ní Àkúrẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Àwọn èèyàn á máa jiyàn, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀yá ìjà, ẹnì kan á wá ní, "Monílọ́lá ló sọ ọ́ o," ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Kò kọ́ ilé alájà, kò ra mọ́tò tuntun. Orúkọ yẹn ló ní.

Orúkọ náà ni Jíbọ́lá Oríọlá wá yá lò. Ta ni Jíbọ́lá? Ọmọ tó gbé lọ́dọ̀ Monílọ́lá ní Oǹdó nígbà tó wà níléèwé girama ni. Monílọ́lá ló ń bọ́ ọ, òun náà ló ń rán ṣòkòtò iléèwé rẹ̀ tó bá ya. Nígbà tí wọ́n fi í ṣe kọmíṣọ́nnà fún ọ̀rọ̀ omi, ó lọ bá a nílé ní Àkúrẹ́, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ wá máa bá mi kọ ọ̀rọ̀ tí mo bá fẹ́ sọ fún aráàlú. Mi ò fọkàn tán ẹlòmíràn." Inú obìnrin náà dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́!

Ọdún náà le, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Epo bẹntiróòlù wọ́n gógó, àwọn èèyàn pa jẹnẹrétọ̀ tì, ẹni tó ní kànga kò rí iná fa omi rẹ̀. Ní Oǹdó, àwọn abiyamọ ń ru kẹ́ẹ̀gì láti àdúgbò kan dé òmíràn. Jíbọ́lá wá ṣèlérí pé omi ẹ̀rọ á yọ kí Kérésì tó dé. Ẹ má rò pé àánú aráàlú ló ṣe é o. Wọ́n fẹ́ mú ẹni tó máa ṣe igbákejì gómìnà, òun àti Bísọ́dún, kọmíṣọ́nnà fún iṣẹ́ òde, ni wọ́n jọ ń du ipò náà. Inú ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n wà, wọ́n ń dì mọ́ra wọn níta, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa ara wọn lẹ́yìn, ẹ óò di etí yín.

Monílọ́lá wà ní ọ́fíìsì Jíbọ́lá ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́, lọ́jọ́ tí Adélaní, ẹnjiníà tó ń bójú tó omi náà, wọlé wá. Ó ní àwọn kò tíì fọ páìpù tán, àyẹ̀wò omi ò sì tíì dé.

"Ṣí i," ni Jíbọ́lá wí.

"Ọ̀gá, tí a bá lè fún un ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i..."

"Mo ní kó o ṣí i! Bísọ́dún fẹ́ ṣí títì rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ṣé kó ṣáájú mi ni?" Ó wá yíjú sí Monílọ́lá, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Àǹtí mi, ẹ bá mi sọ fún àwọn ará ilé wa pé omi ti dé, ó sì mọ́. Tó bá ti jẹ́ ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, wọn ò ní bèèrè mọ́."

"Ohun tí Adélaní ń sọ yìí ńkọ́? Ṣé kò séwu?"

"Háà, Àǹtí mi! Ṣé màá fún àwọn èèyàn yín ní májèlé ni?"

Ó gbà á gbọ́. Kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Ó lọ sórí rédíò, ó ní kí ará Oǹdó máa pọn omi wọn, omi mímọ́ ni. Omi yọ lóòótọ́, wọ́n jó, wọ́n kọrin. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, onígbáméjì ti wọ ìlú. Ìbùkún, ọmọ tí Ọláyẹmí, àbúrò Monílọ́lá gan-an, bí, wà lára àwọn tí wọ́n gbé dìgbàdìgbà lọ sílé ìwòsàn.

Ṣé ẹ rí Bísọ́dún? Orí rédíò ló ti ń ké pé ẹ̀mí èèyàn kì í ṣe ohun eré, kí ẹni tó ṣí omi náà jáde wá. Jíbọ́lá ní kí Monílọ́lá tètè kọ nǹkan tóun máa kà fáwọn oníròyìn.

Iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn. Láyé ìgbà tó wà ní rédíò, òun ló máa ń yí ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù sí Yorùbá, ó sì ti mọ ọgbọ́n àwọn olóṣèlú òyìnbó. Bí wọ́n bá ba nǹkan jẹ́ níbẹ̀, wọn kì í sọ pé àwọn ló bà á jẹ́. Wọ́n á ní àṣìṣe wáyé, bí ẹni pé àṣìṣe fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé. Yorùbá kì í fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣe é. "Wọ́n" ni Monílọ́lá máa ń fi dí àlàfo náà, ó sì ti fi dáàbò bo ọ̀pọ̀ mínísítà ìlú òyìnbó láìmọ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé: "Wọ́n ṣí omi náà kí àyẹ̀wò tó parí. Wọ́n ṣe àṣìṣe, ó sì dun ìjọba." Ó kà á, ó mi orí. Kò ba ẹnikẹ́ni jẹ́, kò sì purọ́.

Gbọ̀ngàn tí wọ́n pe àwọn oníròyìn sí kún lọ́jọ́ kejì. Monílọ́lá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jíbọ́lá bó ṣe máa ń ṣe. Jíbọ́lá kà á tán. Olúwọlé, akọ̀ròyìn kan tí ẹnu rẹ̀ mú, na ọwọ́ sókè.

"Kọmíṣọ́nnà, ta ni wọ́n?"

Jíbọ́lá wo ilẹ̀, ó wo òkè, ó wá yíjú sí Monílọ́lá, ó tẹrí ba fún un.

"Olúwọlé, o mọ̀ pé mi ò lè dárúkọ àgbà níta. Ìyá ni wọ́n jẹ́ fún mi. Wọ́n sọ fún aráàlú pé omi ti mọ́, mo sì fọkàn tán wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí wọn."

Orí gbogbo wọn yí lẹ́ẹ̀kan náà. Ká ní èdè ilé Oǹdó ni wọ́n ń sọ ni, níbi tí wọn kì í ti í fi bẹ́ẹ̀ lo "wọ́n" fún àgbà, bóyá ọ̀rọ̀ náà ì bá má rọ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Yorùbá rédíò ni, Yorùbá ọ́fíìsì. Nínú gbogbo àwọn tó jókòó lórí pèpéle náà, ta ni kọmíṣọ́nnà lè pè ní "wọ́n" bí kò ṣe obìnrin tó tọ́ ọ dàgbà? Monílọ́lá wo Adélaní lọ́ọ̀ọ́kán. Adélaní ń wo bàtà ara rẹ̀. Monílọ́lá la ẹnu, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ọ tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ níwájú kámẹ́rà, báwo lo ṣe fẹ́ pariwo lé e lórí? Ó pa ẹnu rẹ̀ dé.

Nígbà tí wọ́n padà sí ọ́fíìsì, Monílọ́lá ti ilẹ̀kùn.

"Jíbọ́lá, èmi? Èmi lo ṣe èyí fún?"

"Àǹtí mi, ẹ jókòó ná."

"Mi ò jókòó! Ta ló ní kí Adélaní ṣí omi?"

"Èmi ni, mo mọ̀." Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ níta, Bísọ́dún á jẹ mí tegungun tegungun. Ẹ̀yin ò du ipò kankan. Ẹ ti dàgbà, aráàlú á gbàgbé."

"Wọ́n á gbàgbé?"

"Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́, Àǹtí mi. Mo kàn kà á ni."

Monílọ́lá wò ó títí, bí ẹni pé kò rí i rí láyé. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn rẹ̀: kí ayé sọ ohun tó bá wù wọ́n, Ọláyẹmí gbọ́dọ̀ gbọ́ òótọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ ọkọ̀ Oǹdó ní gáréèjì. Gbogbo ọ̀nà ni wọ́n fi ń bú u nínú ọkọ̀. "Ìyá oníròyìn yẹn, kò ní í dáa fún un!" Ó fi ìborùn bojú, kò sẹ́ni tó dá a mọ̀, ohùn rẹ̀ ni wọ́n mọ̀, kò sì jẹ́ la ẹnu rẹ̀ títí wọ́n fi já a sílẹ̀.

Nílé ìwòsàn, Ìbùkún sùn sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń fa omi sí i lára, ojú ọmọ náà ti jìn wọnú. Ọláyẹmí dìde, ó kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ọláyẹmí, gbọ́ mi. Ohun tí wọ́n sọ lánàá yẹn..."

"Jíbọ́lá ti wá."

"Ìgbà wo?"

"Kò tíì pẹ́ tó lọ. Odindi kọmíṣọ́nnà! Ó dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì yìí lójú gbogbo èèyàn. Ó ní òun wá bá yín bẹ̀ mí. Ó ní ẹ ò mọ̀ọ́mọ̀, pé ọjọ́ orí ti ń dé, kí n fojú fo ọ̀rọ̀ náà. Ó sunkún, ẹ̀gbọ́n mi."

"Òun ló ní kí wọ́n ṣí i! Mo jókòó níbẹ̀, mo fi etí mi méjèèjì gbọ́!"

Obìnrin kan pòṣé láti bẹ́ẹ̀dì kejì. "Ẹni tó wá bá wọn bẹ̀bẹ̀ ni wọ́n tún ń bà lórúkọ jẹ́. Ẹ gbà mí o!"

Ọláyẹmí di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú. Kò bínú, ìyẹn gan-an ló burú.

"Ẹ jẹ́ ó tó. Inú bí mi, mi ò ní purọ́. Torí pé ohùn yín ni mo gbọ́ ni mo fi bu omi náà fún un. Ṣùgbọ́n ó ti bá yín bẹ̀ mí, mo sì ti gbà. Mo ti dárí jì yín."

"Ọlọ́run á bá ọ wo ọmọ ẹ," làwọn ìyá tó wà níbẹ̀ ń wí. Ìyá arúgbó kan tó ń tọ́jú ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní, "Màmá, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ àbúrò yín. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lè ṣe ohun tó ṣe yìí."

Gbogbo wọn ń wò ó. Ìbùkún náà la ojú, ó ń wò ó.

"O ṣeun," ni Monílọ́lá wí sí abẹ́ ahọ́n.

"Ẹ sọ ọ́ kó gbọ́, Màmá."

Ó gbé ojú sókè. "O ṣeun, àbúrò mi," ló sọ, ketekete, gbogbo yàrá náà sì gbọ́ ọ.