Ààwẹ̀ Ọjọ́ Mẹ́ta Nítorí Ọkọ̀ Òfurufú

Ẹnu ló kó bá Ọlátẹ́jú. Ká ní ó jókòó jẹ́ẹ́ níbi ìpàdé àwọn àgbà ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Stockbridge, lẹ́bàá Atlanta ní Amẹ́ríkà, ni, tó ń jẹ mọ́ínmọ́ín rẹ̀, wàhálà ìbá má sí. Ẹnì kan ló ń fi ilé tó kọ́ sí Ìbàdàn yangàn, lòun náà bá là á mọ́lẹ̀ pé ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, òun wà lára àwọn tó ya àwòrán ọkọ̀ òfurufú kan tó lè ti Atlanta dé Èkó ní wákàtí mẹ́ta. Wọn ò kàn kọ́ ọ ni.

Ohun tí kò sọ ni pé ọkọ̀ ogun ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó já wọ ìlú onílùú, kó ya fọ́tò ibẹ̀, kó ju bọ́ǹbù, kó sì ti lọ kí wọ́n tó gbójú sókè. Ìlẹ̀kùn tí bọ́ǹbù máa gbà jáde ni Ọlátẹ́jú fi ọdún mẹ́fà yà. Lọ́jọ́ tí ìjọba fagi lé e, ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fajú ro, ó wá lọ jókòó sínú mọ́tò rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí. Inú rẹ̀ dùn gan-an pé bọ́ǹbù kankan ò ní gba ibẹ̀ jáde.

Pásítọ̀ Akíntóyè kì í gbọ́ pé nǹkan ò parí kó má kéde ààwẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló kéde, kí iṣẹ́ tí wọ́n pa tì lè dìde. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ń wú kí wọ́n tó dé Èkó gbàdúrà náà tagbáratagbára. Péjú, nọ́ọ̀sì tó ń darí akọrin, tilẹ̀ lọ bá a.

"Uncle, ẹ jọ̀ọ́, luggage ńkọ́? Ṣé báàgì méjì, fifty pounds kọ̀ọ̀kan, náà ni?"

Ọlátẹ́jú ní wọn ò tíì pinnu. Ojú ò tì í. Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti bi í léèrè nǹkan pẹ̀lú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kẹta bọ́ sí Sunday. Bí wọ́n ṣe ń múra àtiṣínu, fóònù rẹ̀ dún ní parking lot. Iléeṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ni. Wọ́n ti hú àwòrán náà jáde, wọ́n fẹ́ kọ́ ọ, àmọ́ ìlẹ̀kùn yẹn ò yé ẹnikẹ́ni. Ṣé ó máa padà wá? Péjú tó dúró nítòsí gbọ́, ó sáré wọlé lọ ròyìn. Kí Ọlátẹ́jú tó ṣẹ́jú, wọ́n ti ki máíkì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ pé kó jẹ́rìí.

Ó gbé máíkì súnmọ́ ẹnu. "Ẹ̀yin ará, kò sí ìjókòó èrò kankan nínú ọkọ̀ yẹn. Bọ́ǹbù ló máa kó. Mo mọ̀ tẹ́lẹ̀, mi ò sì sọ fún yín."

Pásítọ̀ rọra sọ sí i létí pé ó lè jẹ́ àwọn ọ̀tá ni Olúwa fẹ́ fi ọkọ̀ náà lé. Ọlátẹ́jú mirí.

"Mi ò ní bá wọn ṣe é. Àmọ́ wọ́n lè rí ẹlòmíràn. Ẹ̀yin lẹ gbàdúrà yìí. Ẹ bá mi bẹ Olúwa kó gba ìdáhùn náà padà."

Ojú wọn ti ń yà sí ẹnu ọ̀nà. Ebi ọjọ́ mẹ́ta ń pa wọ́n, ìrẹsì sì ti ń ta sánsán láti kíṣìnì.

Monísọ́lá ìyàwó rẹ̀ wà ní ìlà kẹta. Òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tó máa gba ìlẹ̀kùn tí ọkọ òun fi ọdún mẹ́fà yà jáde. Ó wo ọkùnrin náà títí. Mítí-páì tó fẹ́ fi ṣínu, tó ti gbé dé ẹnu, ó wé e padà sínú bébà rẹ̀, ó tì í sínú báàgì, ó sì ṣe àmín.