Òrùka Inú Páìpù Kẹrin

Ìyàwó àbúrò mi ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi, níbi tí a ti jọ ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé. Ó ń sọ ọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, títí ìró tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fi bọ́ sílẹ̀ tí a sì tún un fọ̀.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń sọ omi òkun di omi mímu ló ti ń ṣiṣẹ́. Ìyá Asẹ́ ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Kì í ṣe asẹ́ ilé ìdáná o. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, tí wọ́n ká jọ bí ẹní, tó ga tó ọmọ ọdún mẹ́ta. Asẹ́ mẹ́fà ni wọ́n ń tò tẹ̀lé ara wọn sínú páìpù gígùn kan, páìpù náà sì jẹ́ mẹ́fà. Pọ́ńpù á wá fi tipátipá ti omi òkun lu awọ yìí. Omi dídùn á gba inú awọ kọjá bọ́ sí ihò àárín, iyọ̀ á sì bá omi tó kù jáde ní ìpẹ̀kun kejì. Níbi tí asẹ́ kan ti so mọ́ èkejì, òrùka rọ́bà dúdú kékeré ló ń dí ojú ibẹ̀, kí omi iyọ̀ má baà yọ́ wọ inú omi dídùn.

Ìyá Asẹ́ ní bó ṣe ń ṣe tirẹ̀. Kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, á ka iye òrùka tó fẹ́ lò sínú àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá parí tí àpò ṣófo, a jẹ́ pé kò gbàgbé ìkankan. Kì í tilẹ̀ wo ohun tó ń mú. Ó ní ọwọ́ òun lójú.

Lọ́sẹ̀ náà, wọ́n fẹ́ yan olórí gbọ̀ngàn asẹ́. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń retí ipò yẹn. Ẹnjiníà, ọkùnrin kan tí kò tíì pé ogójì ọdún, ti sọ fún un pé bí àwọn asẹ́ tuntun tó ń tò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, tirẹ̀ ni. Ó tò wọ́n tán lọ́jọ́ Ajé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n tan pọ́ńpù.

Ẹnjiníà bu omi sẹ́nu, ó tu ú dànù.

"Iyọ̀! Ayédèrú asẹ́ ni wọ́n tà fún wa. Ẹ tú gbogbo rẹ̀, a máa dá a padà. Àbí ẹ̀yin lẹ ò tò ó dáadáa, Ìyá Asẹ́?"

"Èmi kẹ̀, sà? Àpò mi ṣófo."

"Àpò gbogbo wa ló ṣófo," ni Bàbá Pọ́ńpù, àgbàlagbà tó ń tọ́jú pọ́ńpù, dáhùn. "Oṣù ò tíì parí."

Ìyá Asẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá tú asẹ́ mẹ́rìndínlógójì, ipò olórí ti lọ nìyẹn. Ó bẹ Ẹnjiníà pé kó fún òun láyè di aago méjì ọ̀sán.

Ó tọ́ omi wò lẹ́nu páìpù kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ló dùn, àfi ìkẹrin tó dà bí omijé. Bí pọ́ńpù ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ, ó ti ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ oníhò kan gba ihò àárín páìpù náà wọlé. Bó bá ti tì í dé ìwọ̀n asẹ́ kan, á dúró, á gba omi díẹ̀, Bàbá Pọ́ńpù á sì fi ẹ̀rọ ka iyọ̀ inú rẹ̀.

"Ó dáa. Ó dáa. Ó ṣì dáa. Yéè! Ó ti fò sókè!"

"Níbo?"

"Láàárín ìkẹta àti ìkẹrin. Àfi bí ẹni da àpò iyọ̀ síbẹ̀."

Wọ́n pa pọ́ńpù, wọ́n ti àwọn asẹ́ náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Asẹ́ fọwọ́ kan ojú ibi tí méjèèjì ti so, ó sì yọ ohun tó wà níbẹ̀. Kì í ṣe òrùka. Rọ́bà irun ni, fọ́nrán irun kan ṣì lọ́ mọ́ ọn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló tú u lórí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, tó fi lé e lọ́wọ́, òun sì sọ ọ́ sápò aṣọ iṣẹ́ láìronú. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, ó rí òrùka gidi nínú eruku. Òrùka kan já bọ́, rọ́bà irun gba ipò rẹ̀, iye sì pé.

Bàbá Pọ́ńpù wo rọ́bà náà títí.

"Ìyá Asẹ́, ta ló ń dirun fún páìpù?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá."

Bàbá Pọ́ńpù rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ sọ pé òrùka tí wọ́n tà fún wa ló ya. Ta ló máa mọ̀?"

Ìyá Asẹ́ sọ fún mi pé òun rò ó, tó bí ẹni ka ení dé ogún. Ó wá ní, "Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹlòmíì á tún kó nǹkan sápò lọ́la, a ó sì tún mu iyọ̀."

Ó fọ òrùka gidi náà, ó fi í sí ipò rẹ̀, wọ́n to àwọn asẹ́ padà, wọ́n sì tan pọ́ńpù. Nígbà tí aago méjì lù, Ẹnjiníà mu ife kan tán, ó tún bu òmíràn.

"Ó mà dùn o! Kí lẹ ṣe sí i?"

Ìyá Asẹ́ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí i. "Rọ́bà irun ọmọ mi nìyí, sà. Èmi ni mo fi sí páìpù kẹrin. Asẹ́ ò ní àléébù kankan."

Ẹnjiníà yọ ìwé kan lápò àyà. "Mo ti pe àwọn tó tà á ní gbájúẹ̀ nínú lẹ́tà yìí."

"Ṣé ẹ ti fi ránṣẹ́, sà?" ni Bàbá Pọ́ńpù bi í.

"Rárá."

"Olúwa ṣeun."

Ẹnjiníà fa ìwé náà ya. "Láti òní lọ, òrùka nìkan ló gbọ́dọ̀ wọ àpò aṣọ iṣẹ́. Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ yòókù, ẹ sì máa sọ ìdí rẹ̀."

"Mo gbọ́, sà." Ìyá Asẹ́ tún bi í pé, "Ipò yẹn wá ńkọ́, sà?"

Ẹnjiníà ti dé ẹnu ọ̀nà. "Aago méje òwúrọ̀ ni olórí gbọ̀ngàn máa ń dé ibi iṣẹ́," ló wí. "Ẹ má pẹ́ lọ́la o."

Ó jáde, kò sì bojú wẹ̀yìn.