Ọkùnrin Ẹ̀gbẹ́ Àga

Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran lára. Bàbá Onífọ́tò tiẹ̀ ti gbẹ tẹ́lẹ̀, ẹran wo ni owú tún fẹ́ jẹ lára rẹ̀? Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti gbé ọkùnrin kan wọlé ni oúnjẹ kò ti wọ̀ ọ́ lọ́fun mọ́. Bẹ́ẹ̀, ọkùnrin ọ̀hún kì í jẹun, kì í sọ̀rọ̀, kò sì ga ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Inú fọ́tò ló wà.

Nígbà tí àwọn ìbejì wọn lọ sílé ọkọ tán, tí ilé dákẹ́, ìyàwó ní òun fẹ́ kọ́ ìtàn kíkọ. Àwọn kan máa ń pàdé nílé ìkàwé àdúgbò ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Olùkọ́ wọn, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ní kí olúkúlùkù wá fọ́tò ẹni tí kò mọ̀ rí, kó máa wò ó, kó sì máa kọ ìgbésí ayé fún un. Ohun tí ojú bá rí nínú fọ́tò ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá rí fìlà kò gbọdọ̀ kọ fìlà. Ní ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò, ta ni yóò wá fọ́tò àjèjì tì? Àpótí kan wà lábẹ́ káńtà tó kún fún àwòrán tí àwọn oníbàárà kò padà wá gbà. Ìyàwó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fa ọkùnrin kan yọ. Ọkùnrin náà dúró níwájú aṣọ dúdú tí wọ́n ta sẹ́yìn, ó gbé ọwọ́ lé àga tí kò sẹ́ni lórí rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Bàbá Onífọ́tò fúnra rẹ̀ ló ya fọ́tò náà. Kò rántí ọkùnrin náà rárá, ìyẹn gan-an ló sì wá ń dùn ún jù nígbà tó yá.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pe àwọn ará ilé wá gbọ́ ìtàn, ó wọ aṣọ tó mọ́, ó jókòó sẹ́yìn. Ìyàwó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó ní bí ìyàwó ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ àga yìí bá ń sọ̀rọ̀, ọkùnrin náà á pa rédíò. Ó ní láti orí bí obìnrin náà bá ṣe bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ló ti máa ń mọ̀ bóyá ọjọ́ ṣẹnuure fún un. Ó ní torí rẹ̀ ló ṣe di àga mú, kí ẹlòmíì má baà jókòó síbẹ̀ kó tó dé. Àwọn obìnrin inú yàrá ń mí kanlẹ̀. Ọ̀kan ní irú wọn ò sí láyé mọ́. Bàbá Onífọ́tò, tó wà láyé, tó jókòó síbẹ̀ gbọnrangandan, ló pàtẹ́wọ́ kẹ́yìn gbogbo ènìyàn.

Nígbà tí wọ́n délé, ó béèrè bóyá ìyàwó ti mọ ọkùnrin náà rí. Ìyàwó ní rárá. Ọkọ ní ṣé ó jọ ẹnì kan tó ti dẹnu kọ ọ́ rí ni. Ìyàwó rẹ́rìn-ín, ó lọ gbé ìkòkò kaná. Ẹ wo àgbàlagbà tó ń bínú sí bébà! Ṣùgbọ́n owú ò mọ àgbà. Láti ọjọ́ náà, tó bá gbọ́ tí ìyàwó ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, á rò pé wọ́n ń fi bàtà bú òun ni.

Iṣẹ́ kan wà tí àwọn onífọ́tò ayé àtijọ́ mọ̀, tí àwọn tòní kò mọ̀ mọ́: títún ojú ṣe lórí fíìmù, èyí tí wọ́n ń tẹ fọ́tò látinú rẹ̀. Ibi tí o bá fi pẹ́ńsùlù kùn lórí fíìmù ni yóò funfun nínú fọ́tò. Ibi tí o bá fi abẹ họ ni yóò dúdú. Ọgbọ́n yìí ló fi ń pa irorẹ́ rẹ́ lójú àwọn ìyàwó tuntun. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ìyàwó kò sí nílé, ó wá fíìmù ọkùnrin náà jáde, ó mú abẹ, ó fa àpá gbọọrọ sí i lẹ́rẹ̀kẹ́ láti etí dé àgbọ̀n. Ó tẹ fọ́tò tuntun, ó fi pààrọ̀ ti ìyàwó. Ó rò pé ojú olè ni ìyàwó máa rí, tí ìfẹ́ á sì tán.

Lọ́sẹ̀ yẹn, ìyàwó kà á pé ọkùnrin náà fi ara gba ìgò tí wọ́n jù mọ́ ìyàwó rẹ̀. Àwọn obìnrin sunkún.

Bàbá Onífọ́tò mú pẹ́ńsùlù, ó kun irun ọkùnrin náà funfun báláú. Ìyàwó kà á pé àwọn méjèèjì ti jọ darúgbó, ọkùnrin náà ò sì gbàgbé láti máa fi omi gbígbóná wọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Bàbá Onífọ́tò fọ́ ọkùnrin náà lójú kan. Ìyàwó ní èyí tó kù náà tó o láti fi wo obìnrin rẹ̀. Gbogbo ohun tí baba wa bá bà jẹ́, oyin ni ìyàwó ń fi í ṣe. Baba wa ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Ó ń bá ọkùnrin orí bébà jà, obìnrin tó wà láàyè nínú ilé sì lè lo odindi ọjọ́ kan kó má gbọ́ gbólóhùn méjì lẹ́nu rẹ̀.

Nígbẹ̀yìn, ó pinnu pé ilé kan náà kò lè gba òun àti ọkùnrin náà mọ́. Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó ti fèrèsé, ó fi abẹ họ ọkùnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀ títí tó fi wọ inú aṣọ dúdú ẹ̀yìn rẹ̀ lọ ráúráú. Ọwọ́ orí àga ló le jù. Ìka kọ̀ọ̀kan ló ń họ, kó má baà gé àga mọ́ ọn. Inú rẹ̀ dùn nígbà tó parí, ó tilẹ̀ jẹun.

Lọ́jọ́ ẹ̀kọ́, ìyàwó kò tètè lọ. Ó wá bá a ní káńtà, ó gbé fọ́tò náà síwájú rẹ̀.

"Bàbá Ìbejì, ibo lẹ gbé e lọ?"

Ó ní gbé ta ni. Ó ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé omi ló kàn án.

"Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ àpá. Ṣé ọwọ́ yín ni mi ò ní dá mọ̀?"

Ojú ti Bàbá Onífọ́tò, owú tún ru sókè lórí ìtìjú. "O mọ̀, o wá ń kà á fáyé gbọ́?"

"Torí ẹ̀ ń bá mi kọ ọ́ ni. Ẹ fún un lápá, mo kọ ọ́. Ẹ fún un léwú, mo kọ ọ́. A ò tíì jọ ṣe nǹkan kan tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí, mo wá ń retí yín." Ó fi ìka kan àga inú fọ́tò. "Láàárọ̀ yìí tí mo rí i pé ẹ ti lé e lọ, àyà mi já, mo ní ẹ ti dé nìyẹn. Mo gbé e súnmọ́ ìmọ́lẹ̀, mo wò ó títí. Kò sẹ́nì kankan. Bàbá Ìbejì, gbogbo nǹkan lẹ lè fi ọwọ́ yín ṣe lórí fíìmù. Kò sọ sí yín lọ́kàn kí ẹ fi ara yín síbẹ̀."

Ó ní òun lè ṣe é báyìí, kò ní pẹ́. Ó ti ń wá pẹ́ńsùlù kiri. Ìyàwó ní wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, ó gbé àpò kọ́ èjìká. Ọkọ bi í pé kí ló fẹ́ lọ kà fún wọn nígbà tí ọkùnrin náà ò sí mọ́.

"Obìnrin náà ṣì wà," ni ìyàwó wí. "Mo fẹ́ mọ ibi tó ń lọ."

Ó jáde, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé. Bàbá Onífọ́tò dúró sẹ́yìn káńtà. Owú ṣì ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tí òun ń jowú rẹ̀ mọ́.