Ta Ló Ṣáájú Níbi Iṣẹ́?

Dókítà Mọ̀núrù Agoro àti Dókítà Gregory Lázárò jọ ń kọ́ni ní Anátọ́mì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n wọṣẹ́. Yàtọ̀ sí iṣẹ́, àna ni wọ́n, torí pé Ìbíyínká, àbúrò Lázárò, ni Mọ̀núrù fẹ́. Ilé àwọn Agoro wà lẹ́yìn Jankárà, ti àwọn Lázárò wà ní Pópó Àgùdà, kò sì sí Iléyá tàbí Kérésìmesì tí oúnjẹ kì í ti ilé kan lọ sí ìkejì.

Ìjà dé nígbà tí olórí ẹ̀ka wọn fẹ̀yìn tì. Òfin kọ́lẹ́ẹ̀jì ni pé ẹni tó bá ṣáájú lẹ́nu iṣẹ́ ni yóò gba ipò náà. Nígbà tí ọjọ́ ti bá ara wọn mu, ọ̀rọ̀ di ti wákàtí.

Mọ̀núrù ní òun lòun kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba òṣìṣẹ́ tuntun lọ́jọ́ náà. Ó ní òun gbé báàgì òun sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilẹ̀kùn, òun wá sáré lọ kírun Ayílà. Kí òun tó dé, Lázárò ti kọjá báàgì, ó ti wọlé.

"Báàgì ló kọ́kọ́ dé, kì í ṣe èèyàn," Lázárò fèsì. "Tí kọ́lẹ́ẹ̀jì bá fẹ́ fi báàgì ṣe olórí ẹ̀ka, mi ò bá wọn jà."

Ìgbà tí ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì ò rí i parí, Mọ̀núrù gba lọ́yà ní Igbosere, Lázárò náà gba tiẹ̀ ní òdìkejì títì. Kọ́ọ̀tù ní kí ipò náà ṣófo títí ẹjọ́ yóò fi parí.

Ojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí nǹkan. Tí Mọ̀núrù bá pe ìpàdé, Lázárò á pe tiẹ̀ sí wákàtí kan náà. Èyí tó wá burú jù ni ti ẹnu ọ̀nà. Kò sí ẹni tó máa gbà kí ìkejì ṣáájú òun wọlé, àwọn méjèèjì á wá fi èjìká gbún ara wọn, wọ́n á há sáàárín férémù ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n há bẹ́ẹ̀, bọ́tìnnì kóòtù Lázárò já, ó fò lọ bá eegun tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Àwọn méjèèjì sì yíjú sí wọn lẹ́ẹ̀kan náà: "Ta ló ń rẹ́rìn-ín?"

Ní kọ́ọ̀tù, lọ́yà Lázárò, obìnrin kan tó ń jẹ́ Ẹniọlá, bi Mọ̀núrù léèrè.

"Dókítà, ṣé òótọ́ ni pé ẹ máa ń dọ̀bálẹ̀ fún oníbàárà mi?"

"Nílé ni," Mọ̀núrù dáhùn. "Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni."

"Ẹ sì ń pè é ní Brọ̀dá?"

"Àna mi ni mò ń pè ní Brọ̀dá. Mi ò tíì dọ̀bálẹ̀ fún olùkọ́ Anátọ́mì kankan rí!"

"Ṣé kì í ṣe ẹnì kan náà ni wọ́n ni?" adájọ́ béèrè.

Mọ̀núrù yíjú sí i. "Olúwa mi, tí wọ́n bá ti wọ kóòtù funfun, wọn kì í ṣe àna mi mọ́."

Àwọn lọ́yà jà lórí báàgì yẹn títí ó fi sú adájọ́. Ó ní ṣé kò sí ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ni. Ẹnì kan wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ìbíyínká ló sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ tuntun, orí bẹ́ǹṣì yẹn gan-an lòun àti Mọ̀núrù ti kọ́kọ́ ríra. Tọ̀tún tòsì ló bá ní kó wá jẹ́rìí.

"Ẹ má pè mí o," ó sọ fún ọkọ rẹ̀. "Tí mo bá débẹ̀, òótọ́ ni mo máa sọ."

"Òótọ́ náà ni mo fẹ́," Mọ̀núrù wí. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń fọ abọ́, ohun tí kò ṣe rí látìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra. Lázárò náà gbé ìkòkò fẹrẹjọ̀n, ẹ̀wà olómi àgbọn ti àwọn Àgùdà, wá fún àbúrò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Ọjọ́ Ẹtì Rere tí wọ́n máa ń sè é ṣì jìnnà. Ìbíyínká jẹ fẹrẹjọ̀n, ó jẹ́ kí wọ́n fọ abọ́ rẹ̀, kò sì ṣèlérí fún ẹnì kankan.

Lọ́jọ́ ìjẹ́rìí, ó wọ ìró àti bùbá aláwọ̀ omi aró, ó búra, ó fara balẹ̀.

"Ta ló kọ́kọ́ dé?" adájọ́ bi í.

"Èmi ni, Olúwa mi. Brọ̀dá mi ní kí n ṣáájú lọ gba àyè sílẹ̀ fáwọn."

Lázárò rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Báàgì Dókítà Agoro ńkọ́?"

"Ó gbé e kalẹ̀ lóòótọ́, kí Brọ̀dá mi tó dé."

Mọ̀núrù náà rẹ́rìn-ín.

"Ó wá lọ kírun?"

Ìbíyínká wo ọkọ rẹ̀. "Ayílà ò tíì tó nígbà yẹn, Olúwa mi. Ó béèrè orúkọ mi, ó ní oòrùn ti mú jù, ó wá sáré lọ ra mínírà fún mi. Èyí tó rà ò tutù, ó tún padà lọ pààrọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ló wà tí Brọ̀dá mi fi wọlé."

Kọ́ọ̀tù dàrú. Mọ̀núrù fi ọwọ́ bo ojú. Kódà akọ̀wé kọ́ọ̀tù ń fi fáìlì bo ẹnu.

Adájọ́ ò tún fi ẹjọ́ náà falẹ̀. Ó ní ọjọ́ kan náà ni wọ́n wọṣẹ́, kò sí ẹni tó ṣáájú ẹnì kan, kí kọ́lẹ́ẹ̀jì yan ẹni tó bá wù ú. Kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí wàhálà àwọn méjèèjì ti sú, yan Dókítà Taslimah, ọmọbìnrin tí àwọn méjèèjì kọ́ níṣẹ́. Nígbà tó ṣe ìpàdé àkọ́kọ́, ó kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa, ó wá fún wọn ní kíláàsì àwọn ọmọ tuntun, ti àárọ̀ kùtùkùtù.

Ọ̀rọ̀ yìí dùn wọ́n wọra. Lọ́jọ́ Sátidé, Lázárò wá sílé Mọ̀núrù. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, Mọ̀núrù dọ̀bálẹ̀ fún un. Wọ́n jẹun, wọ́n wá forí korí.

"Kòtẹ́milọ́rùn ni ká lọ," Lázárò wí. "A máa jọ pẹ̀jọ́ ni."

"Ẹ ṣeun, Brọ̀dá. Ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an nìyẹn."

Ìbíyínká gbọ́ láti ilé ìdáná. Ó yọjú, ó ń nu ọwọ́.

"Ẹ jẹ́ ká lọ. Èmi náà ṣì ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Mi ò tíì sọ fún wọn bí nọ́ọ̀sì tó ń yẹ òṣìṣẹ́ tuntun wò ṣe fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ Brọ̀dá ní yàrá ẹ̀yìn ọ́fíìsì yẹn, tí Brọ̀dá rí abẹ́rẹ́, tí wọ́n dákú gbọnrangandan, tí nọ́ọ̀sì ń da omi sí wọn lórí."

"Ìbíyínká!" Lázárò kígbe.

Mọ̀núrù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Olùkọ́ tó ń fi ọ̀bẹ la òkú níwájú àwọn ọmọ! Lázárò kọ́kọ́ fajú ro, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu òun náà. Ó ní ọ̀rọ̀ kòtẹ́milọ́rùn ti tán, òun ò lọ síbì kankan mọ́.

Lójijì, ẹ̀rín Mọ̀núrù dáwọ́ dúró. Ó dìde lórí àga.

"Ẹ dúró ná. Ìgbà tí nọ́ọ̀sì ṣì ń da omi sí Brọ̀dá lórí ní yàrá ẹ̀yìn, mo ti dé, àwọn ará ọ́fíìsì sì ti gbà mí síṣẹ́. Á jẹ́ pé èmi ni mo kọ́kọ́ wọṣẹ́!"

Ìbíyínká wò ó bí ẹni tó ṣì ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu. Mọ̀núrù rọra jókòó padà, ó fa àwo rẹ̀ mọ́ra, ó ń jẹun lọ.