Eérú Lójú Plákì

Gáàsì ti di ọ̀wọ́n gógó ní Bouaké láti ìgbà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti gba ìlú, ṣùgbọ́n iná mànàmáná kò lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dáná lórí plákì nílé Sèlíátù ní àdúgbò Commerce, ìyẹn ààrò oníná tí ojú rẹ̀ jẹ́ dígí dúdú tó ń dán. Kì í ṣe tirẹ̀. Larissa, tíṣà tó ń gbé ilé kejì, ló gbé e fún un lọ́jọ́ tó ń sá lọ sí Abidjan. Ó ní kí wọ́n máa lò ó, kí wọ́n ṣáà bá òun tọ́jú rẹ̀. Àmánà ni, Sèlíátù kì í sì í fi àmánà ṣeré.

Nígbà tó wá rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lójú dígí náà, ara rẹ̀ bù máṣọ. Lọ́jọ́ kẹta, ìlà ti di mẹ́rin. Ta ni ká fura sí? Hamed ọmọ rẹ̀ kì í wọ kíṣìnì àfi tí ebi bá ń pa á. Ó ku Rachida, ìyàwó Hamed, ọmọ tí wọ́n bí sí Bouaké, tó ka ìwé Faransé dáadáa, tí kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Sèlíátù kò fẹ́ràn ẹni tó dákẹ́ jù.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Á ti ìsọ̀ tó ti ń ta abọ́ tánganran dé láìròtẹ́lẹ̀, á bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà dún. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọwọ́ bà á. Rachida bẹ̀rẹ̀ mọ́ plákì, abẹ ìfárùngbọ̀n Hamed wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi ha ọbẹ̀ tó jó mọ́ dígí.

“Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?”

“Màmá, ó ti gbẹ mọ́ ọn ni. Mo da vinaigre, omi kíkan yẹn, sí i kó lè rọ̀. Tí èèyàn bá fi abẹ lélẹ̀ pẹrẹsẹ, kì í…”

“Abẹ. Lórí dígí ẹni ẹlẹ́ni.”

Rachida la ẹnu, ó tún pa á dé. Sèlíátù sọ nínú ọkàn ara rẹ̀ pé ẹ̀rí ọkàn ló ń dá a lẹ́bi.

Ó sọ fún Hamed lójú ìyàwó rẹ̀ pé obìnrin yìí mọ̀ọ́mọ̀ ń ba àmánà jẹ́ kí ojú lè ti òun lọ́dọ̀ Larissa. Kí ó lọ, tàbí kí òun lọ. Hamed bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Nígbà tó di Jímọ̀, Rachida di ẹrù, ó padà sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Languibonou. Kò sunkún. Ìyẹn pàápàá tún bí Sèlíátù nínú.

Láti ìgbà náà, òun nìkan ló ń dáná. Òun nìkan ló ń fọ plákì, lọ́nà tó ti máa ń fọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀ tó bá kàn án, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti máa fọ ìkòkò ní Ògbómọ̀ṣọ́: eérú tí a kù, kànìnkànìn, omi díẹ̀, kí a máa gbo ó yípo títí yóò fi dán. Tó bá ń jáde, á ti kíṣìnì pa, á so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró.

Lọ́jọ́ kẹfà, oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé sórí plákì. Ìlà tuntun kún ibẹ̀, gbogbo wọn ló yípo.

Ó kọ́kọ́ rò pé Rachida ti rọ kọ́kọ́rọ́ mìíràn. Ó tún un rò, ó rí i pé Languibonou jìn. Ó wá mú ife gíláàsì kan, ó bu eérú, ó gbo ó, ó ṣan án, ó gbé e sókè sí oòrùn. Ìlà.

Ó jókòó sílẹ̀ nínú kíṣìnì. Ojú tì í gan-an, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

Nígbà tó sọ ọ́ fún Hamed lálẹ́, Hamed ní òun á lọ mú ìyàwó òun wá. Sèlíátù ní rárá, ẹni tó lé e ni yóò lọ. Ó wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ kejì, àwọn ọlọ̀tẹ̀ yẹ ẹrù rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà. Ó bá Rachida níbi tó ti ń ṣa ìrẹsì, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò ya ọmọ náà lẹ́nu.

“O ti mọ̀ tẹ́lẹ̀?”

“Láti ìlà àkọ́kọ́, Màmá.”

“Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?”

“Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fẹ́ sọ ọ́. Ojú tí ẹ fi ń wò mí ni ò jẹ́.”

“Dìde, jọ̀ọ́, ká máa lọ sílé.”

Rachida kò gbójú sókè. “Mo gbọ́, Màmá. Lọ́jọ́ tí nǹkan mìíràn bá tún bàjẹ́ ńkọ́?”

Sèlíátù jókòó sílẹ̀ tì í. Rachida ń ṣa ìrẹsì rẹ̀ lọ.