Aṣọ Abẹ́ Bónẹ́ẹ̀tì Ẹ̀gbọ́n Rọra

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí inú ṣe ń ru láìsí ẹni tó ṣẹni, kó bẹ Ẹ̀gbọ́n Rọra níṣẹ́ tó ní àkókò. Orúkọ àbísọ rẹ̀ wà níbìkan nínú ìwé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó máa ń tètè bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni gbogbo ènìyàn fi ń pè é. O ń jẹun, á ní, "Rọra." O ń sá fún òjò, á ní, "Rọra." Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣọ́ yàrá ìkẹ́rùsí níbi iṣẹ́, kò sì sí ẹni tó gba ìṣó kan ṣoṣo lọ́wọ́ rẹ̀ láìfọwọ́ sí ìwé mẹ́ta.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin lọ̀ràn kàn lọ́jọ́ tí à ń wí yìí. Obìnrin náà ń rán aṣọ àga, ti mọ́tò àti ti pálọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ṣe é lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, níbi tí orí rẹ̀ ti ń gbá òkè gbì, bó bá ti gbàgbé tó nàró. Ó wá rí yàrá kan báyìí tó kọjú sí títì, tó ní fèrèsé méjì. Ìyá onílé kò fi bò fún un: "Bí aago méjìlá ọ̀sán Sátidé bá lù tí mi ò rí ẹrù rẹ nínú yàrá, ẹlòmíì wà nílẹ̀ tó ń retí. Mi ò ní bá ọ jà, mi ò sì ní dúró dè ọ́."

Sátidé dé. Aago mẹ́sàn-án lù. Máṣíìnì ìránṣọ ńlá ti wà lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù ẹ̀gbọ́n, tòun ti fóòmù, awọ àga àti agolo bọ́tìnì, okùn ti dè wọ́n pinpin. Ìrìn ogún ìṣẹ́jú péré ló kù. Ẹ̀gbọ́n Rọra ní kóun kàn yẹ omi ẹ́ńjìnnì wò. Ó ṣí bónẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni ọjọ́ ti dàrú.

Aṣọ dúdú tó nípọn tí wọ́n fi ń tẹ́ abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń gba ooru àti ariwo ẹ́ńjìnnì sára, ti já láàárín. Ó yọ ikùn sísàlẹ̀ bí àpò ìyẹ̀fun. Etí rẹ̀ kan ti kan irin gbígbóná, ó ti jó díẹ̀.

"Ṣé o rí nǹkan?" ni ẹ̀gbọ́n wí. "Iná ló ń wá yìí."

"Mo rí i. Ẹ jẹ́ ká fà á yọ, ká máa lọ."

"Ká fà á yọ kẹ̀? Kí ọkọ̀ mi máa rìn níhòòhò? Bónẹ́ẹ̀tì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lóṣù tó kọjá, ooru á bó ọ̀dà orí ẹ̀ bí èèpo ẹ̀pà. Tuntun ń bẹ nílé. Òní la máa pààrọ̀ ẹ̀."

Èyí ló dun àbúrò wọra. Tuntun ń bẹ nílé lóòótọ́. Oṣù kẹjọ rèé tó ti wà nínú páálí lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí aya ẹ̀gbọ́n bá ń gbálẹ̀, á gbé e sọ́tùn-ún, á tún gbé e sósì. "Nǹkan tó fẹ́ ìfarabalẹ̀ ni," ni ẹ̀gbọ́n máa ń wí. Nínú oṣù mẹ́jọ gbáko, kò rí ọjọ́ tó máa fara balẹ̀, àfi òní.

Bébà kan wà nínú páálí náà. Àwòrán mẹ́fà ló wà lára rẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wọ awò ojú, ó na bébà sí oòrùn.

"Àwòrán kìíní: ọwọ́ méjì, wọ́n wọ ìbọ̀wọ́. Ìbọ̀wọ́ wa dà?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ lásán tó o."

"Ṣé ẹni tó yà á ò mọ̀ pé ọwọ́ lásán wà láyé ni?"

Ìbọ̀wọ́ ni wọ́n fi odindi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú wá. Lábẹ́ ìjókòó ọkọ̀, kò sí. Nínú àpótí irinṣẹ́, kò sí. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n máa jáde wá, ìbọ̀wọ́ rọ́bà pupa tí ìyàwó rẹ̀ fi ń fọ abọ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó gùn dé ìgúnpá, ó ń dún pẹ̀kẹ̀pẹ̀kẹ̀. Ó tún mú ṣíbí kan dání tó fẹ́ fi yọ àwọn kílíìpù àtijọ́ tó di aṣọ náà mú.

Ìyàwó yọrí lójú fèrèsé. "Baálé mi, ìbọ̀wọ́ ìfọbọ́ mi nù-un! Ṣíbí mi náà nìyẹn! Ṣé ẹ fẹ́ bu ẹ́ńjìnnì jẹ ni?"

"Rọra máa pariwo."

"Ẹ̀yinfúnjowó," ni ìyàwó wá pe àbúrò ọkọ rẹ̀, nítorí orúkọ tó fún un nìyẹn láti ọjọ́ tó ti wọlé wọn, "ẹ kú ojú lọ́nà o. Ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n mi rèé nílé yìí. Ẹ̀yin ò tíì lo wákàtí méjì, ojú yín ti pọ́n."

Ẹ̀rín kò wá sẹ́nu àbúrò. Abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì ló wà, ó fi orí àti ọwọ́ méjèèjì gbé aṣọ tuntun sókè bí òpó ilé, ọrùn ń ro ó, eruku aṣọ àtijọ́ sì ti kún ojú rẹ̀. Kílíìpù ike mẹ́wàá ló bá aṣọ náà wá. Bí a bá fi àtàǹpàkò tì wọ́n, wọ́n á wọ ihò abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n ìka tó wà nínú rọ́bà tó nípọn tó yẹn, báwo ló ṣe máa mọ ìgbà tí ike wọ ihò?

Pá! Ọ̀kan ṣẹ́.

"Ike yìí ò dáa," ni ẹ̀gbọ́n wí.

"Ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́, ẹ jọ̀ọ́."

"Rọra. Àwòrán kìíní kọ́ la wà mọ́, ṣùgbọ́n wọn ò ní ká bọ́ ọ." Pá! "Ṣé o rí i? O ti jẹ́ kí n máa sọ̀rọ̀."

Nígbà tí aago mọ́kànlá fi lù, mẹ́fà ti wọlé létí yíká, mẹ́rin ti di àlòkù láìlò. Gbogbo àárín kò ní ohun tó dì í mú. Àbúrò yọwọ́, aṣọ tuntun náà yọ ikùn wálẹ̀ gẹ́lẹ́ bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jù nù.

Ẹ̀gbọ́n wò ó títí. Ó bọ́ awò ojú, ó nù ún. "Kò burú. Tó bá di ọjọ́ Ajé, màá rọra jáde lọ wá kílíìpù."

Ọjọ́ Ajé! Bí àbúrò ṣe ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun ò ní sunkún ló fò sẹ́yìn ọkọ̀, ó tú okùn, ó fa agolo bọ́tìnì, wáyà, ìṣó àti ẹ̀mú jáde. Àwọn bọ́tìnì ńlá tí wọ́n ń kàn mọ́ ẹ̀yìn àga ni, ó bọ́ aṣọ ara mẹ́rin kúrò kó lè ku páànù wọn lásán. Ó gé wáyà mẹ́rin. Ó so ìṣó kúkúrú mọ́ orí wáyà kọ̀ọ̀kan láàárín gbùngbùn, ó ti ìṣó náà gba ihò aṣọ wọ ihò bónẹ́ẹ̀tì lóòró, ó sì fa wáyà padà díẹ̀. Ìṣó tó wọlé lóòró dábùú sínú, kò sì lè jáde mọ́. Ó fi bọ́tìnì ti aṣọ náà láti ìsàlẹ̀, ó lọ́ wáyà mọ́ ọn, ó gé ìrù rẹ̀. Ọ̀kan. Èkejì. Kò wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí ó fi kan ẹ̀kẹrin. Ó fi ìkúùkù gbá àárín aṣọ náà. Kò mì.

"Bọ́tìnì!" ni ẹ̀gbọ́n wí. "Ṣé kóòtù ni ọkọ̀ mi?"

"Ó kúkú dì í mú," ni ìyàwó wí lójú fèrèsé. "Ẹ gbé ṣíbí mi wọlé."

Ẹ̀gbọ́n tún gbé bébà. "Ó ku àwòrán kẹfà. Aago ni wọ́n yà. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé ká dúró kó gbẹ. Wákàtí kan, bóyá méjì."

"Kí kí ni ó gbẹ, ẹ̀gbọ́n mi? Gọ́ọ̀mù wo la fi sí i?"

"Wọn ò lè déédéé ya aago."

Aago mọ́kànlá àbọ̀ ti lù. Àbúrò yìí kò sọ pé rárá sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí láyé. Wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré pé ẹni tó bá ṣáájú ẹni dé ilé ayé, a kì í já a níyàn. Ó rìn lọ síwájú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tí epo ti kán sí, orúnkún méjèèjì. Ó tẹ orí ba, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, "rárá."

"Ta lò ń wí fún?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ ò ní ṣàìsí nílé ayé mi. Ẹ tọ́ mi, ẹ bọ́ mi, ẹ fún mi níbi tí mo fi orí sí fún ọdún mẹ́sàn-án. Rárá. Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́."

Ẹ̀gbọ́n wá ibi tó máa ti bá a wí, kò rí. Bó bá ní ó ya aláìgbọ́ràn, orúnkún rẹ̀ wà nílẹ̀. Bó bá ní ó pariwo, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń kíni láàárọ̀ lọ. Ó wo fèrèsé, ìyàwó rẹ̀ ń wo ojú sánmà. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ ọ̀tún pẹ̀ẹ́, ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé àtẹ́lẹwọ́ àbúrò rẹ̀.

Ó ti pé ọdún márùn-ún tí àbúrò ti gba ìwé ìwakọ̀, kò sì jókòó sí àyè awakọ̀ píkọ́ọ̀pù náà rí. Ẹ̀gbọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di ilẹ̀kùn mú. "Rọra. Kòtò. Rọra, ewúrẹ́. Ewúrẹ́ yẹn ti rí wa ṣá." Àbúrò tẹjú mọ́ títì. Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́ta ló tẹ bíréèkì níwájú ilé náà.

Ìyá onílé dúró lẹ́nu ọ̀nà. Onígbàjámọ̀ kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí àga ìgẹrun tó ti gbé wá.

"Mo ti fẹ́ ní kó máa gbé e wọlé," ni ìyá onílé wí.

"Ẹ máà bínú, mà. Ẹrù nìyí."

Onígbàjámọ̀ pòṣé, ó dìde. "Ẹ jẹ́ n bá yín gbé e. Ó kúkú ti bọ́ lọ́wọ́ mi." Òun, àbúrò àti ẹ̀gbọ́n gbé máṣíìnì wọlé, wọ́n gbé e síbi fèrèsé. Aago méjìlá lù bí wọ́n ṣe nàró. Orí àbúrò kò gbá ibì kankan. Ìyá onílé já kọ́kọ́rọ́ yàrá kúrò lára ìdì tirẹ̀, ó fi lé e lọ́wọ́.

Níta, bónẹ́ẹ̀tì ti tún wà ní ṣíṣí. Ẹ̀gbọ́n Rọra ń fi ìka tọ́ka sí abẹ́ rẹ̀ fún onígbàjámọ̀.

"Ike kì í pẹ́. Èmi ni mo ní kó lo bọ́tìnì. Ìwọ fọwọ́ kàn án. Rọra o!"

"Baba, ọgbọ́n rèé," ni onígbàjámọ̀ wí.

Àbúrò gbọ́ ọ. Ó ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ láti inú, ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ ojú ihò kó lè mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́.

"Rọra yí i!" ni ẹ̀gbọ́n ké láti ìta. "Kọ́kọ́rọ́ tó bá pẹ́ máa ń ṣẹ́!"

Ó yí i lẹ́ẹ̀mejì, kíá, gbá, gbá.